Àtàǹpàkò Khammi

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì."

Atorina sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Sójà ibi àyẹ̀wò ti ṣí bùùtù, ó ti tú bùláńkẹ́ẹ̀tì inú àpótí tòmátì, ó sì di wàláà amọ̀ kan mú bí ẹni di ejò mú. Mọ́kànlá ni àwọn wàláà náà. Ọ̀gá rẹ̀ jáde láti inú ilé pákó wọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó wo wàláà náà títí tíì fi tutù.

"Ibo lẹ ti wú èyí?"

"A kò wú u, ọ̀gá. Èmi ni mo mọ ọ́n. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe. Wọ́n fẹ́ pàtẹ wọn ní Ankawa lọ́la."

"Gbogbo ẹni tí a bá mú níbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe lẹ́tà àtijọ́ nìyí?"

"Lẹ́tà àwa ará Ásíríà ni. A ṣì ń kọ ọ́ dòní."

Ọ̀gá gba wàláà náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ohun àtijọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ló ń lọ, àwọn wàláà náà yóò sì wọ yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fojú kàn wọ́n mọ́. Ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Khammi, ìyá rẹ̀, kìlọ̀ fún un: "Kọ orúkọ rẹ àti ọdún sẹ́yìn wọn. Ohun tí kò lórúkọ, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a mú ni." Ó fi ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rí bíi ti àwọn baba ńlá gan-an.

Obìnrin mọ́kànlá ló tẹ àtàǹpàkò sára àwọn wàláà náà láàárín ọdún méje, àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ti wó abúlé wọn palẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo rẹ̀: "Èmi, lágbájá ọmọ làkásègbè, mo wà níbí." Atorina ṣèlérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ohunkóhun kò ní ṣe wàláà rẹ̀. Ní báyìí, gbogbo wọn ti kú. Khammi ló kú kẹ́yìn, nígbà òtútù tó kọjá.

Panna, ẹ̀gbọ́n Khammi, nìkan ló kọ̀ tí kò tẹ tirẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kì í pẹ́ láyé. Bó bá ti rí amọ̀, ńṣe ló máa ń ki ọwọ́ bọ àpò. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wàyí, agolo bisikíìtì kiléṣè rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Ọmọ mi, ta ló ń pe amọ̀ àná ní ohun àtijọ́? Èmi náà ńkọ́? Ṣé wọ́n wú mi nílẹ̀ ni?"

Sójà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó, ẹ̀rín náà kú.

"Màmá, ẹ dákẹ́. Àwọn onífàyàwọ́ máa ń fi amọ̀ tuntun bo ti àtijọ́. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

"Okùn náílọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀," ni Atorina wí. "Àpò ìrẹsì la gé wẹ́wẹ́ pò mọ́ amọ̀ náà, bí ìyá mi ṣe ń mọ ààrò búrẹ́dì."

"Ó dáa. Fọ́ ọ̀kan. Bí mo bá rí náílọ́ọ̀nù, ẹ máa lọ. Bí n kò bá rí i, màá pe àwọn tó jù mí lọ."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn mẹ́wàá yòókù lọ́mọ ní Sydney, ní Detroit, tí wọn yóò béèrè àtàǹpàkò ìyá wọn. Khammi kò bímọ méjì. Atorina mú ti Khammi.

"Kì í ṣe ìyẹn!" Panna pariwo. "Atorina, má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Èwo ni kí n fọ́, Ìyá Panna? Ti ta ni?"

Panna yíjú kúrò.

Atorina gbé wàláà náà sórí òkúta, ó mú sípánà táyà. Ìyá rẹ̀ ló po amọ̀ yìí fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ahun ni Khammi bó bá kan okùn. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ó lù ú. Kò fọ́. Ó tún lù ú, ó là gba àárín àtàǹpàkò náà.

Ọ̀gá gbé ìlàjì kan sójú oòrùn. Amọ̀. Pòròpórò. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó ń fi èékánná ha á. Lẹ́yìn náà ni okùn búlúù kan yọ, tín-ín-rín, ẹyọ kan ṣoṣo.

"Ẹ máa lọ," ni ọ̀gá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nǹkan sí i lára. Ẹlòmíràn lè má ní sùúrù."

Atorina wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Ankawa. Ìlàjì méjèèjì wà lórí itan Panna. Ó tò wọ́n pọ̀, ó sì rọra gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ojú ti Khammi.

"Bí a bá padà délé, kí o po amọ̀," ló wí. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ṣùgbọ́n pò ó. Kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn rẹ̀. Kí okùn sì pọ̀ níbẹ̀, kó má rí bíi ti Khammi."