Orúkọ Tí Olùkọ́ Fò

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ìwé ìtàn ọmọdé mẹ́ta ni mo ti kà lórí bí àwọn Násì ṣe pa àwọn Júù nípakúpa, kí n lè yan ọ̀kan fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ láti orí kọ̀ǹpútà, tí kálukú wọn wà nílé. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tí ẹnì kankan ò kú nínú ẹ̀." Lẹ́nu, mo ní, "Ó dáa, sà." Nínú mi, mo ní orí ẹ̀ ò pé.

Nínú ìwé kẹta, àwọn sójà kó ọmọ Júù kan lọ. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ń pe orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fo tọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Mo pòṣé. "Olùkọ́ ràdàràdà!" Ìwé yẹn ni mo mú.

Mo ṣí kíláàsì, mo ń pe orúkọ, mo dé orí ọmọbìnrin tá à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tí ò yọjú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó mọ̀, mo ti fò ó, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Mo wo àwọn ọmọ yòókù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè rẹ̀ rí. Èmi ni mo kúkú kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.