Odó Òfìfo ní Arakale

Èmi nìkan ni mo rí i. Ẹni tó bá sọ fún yín ní gbogbo Àkúrẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀, ẹ lé e dànù. Orí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná Ìbídàpọ̀ ni mo wà, ojú mi sì mú ju ti àwòdì lọ.

Ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni, ọdún tí aáyán ń kó kúrò nílé torí pé kò rí nǹkan jẹ. Ọdún yẹn gan-an ni Ìbídàpọ̀ àti ọkọ ẹ̀, Bísọ́dún, lọ ṣí ilé oúnjẹ sí àdúgbò Arakale. Wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ta ilẹ̀kùn.

Tíṣà Silas, bàbá Ìbídàpọ̀, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ti wá iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀ l'Óǹdó, níbi tó ń gbé. Ó ní òun àtàwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì òun ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

"Tí iyán yín bá jẹ́ iyán, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá jẹ́ iyán, wàá bá mi wọkọ̀ padà sílé."

Ìbídàpọ̀ mọ bàbá ẹ̀. Kì í bá èèyàn ṣeré.

Ọjọ́ pé. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń ta sánsán débi pé ewúrẹ́ ń kúnlẹ̀ n'Ílárá-Mọ̀kín. Àwọn bàbá ti jókòó, wọ́n ti ṣanwọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti Oǹdó ti kú sójú ọ̀nà.

"Usu ò dé mọ́ o," ni Bísọ́dún, ọmọ Àkúrẹ́ paraku, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dàpọ̀, pọ́ńdò wà níbí. Ìwọ rò ó, èmi á máa gún odó."

"Kí ló wà nínú odó?"

"Kò sí nǹkan kan. Ṣé wọ́n ń rí wa ni? Tí wọ́n bá ṣáà ti ń gbọ́ ọmọ odó, ara wọn á balẹ̀."

"Orí ẹ ò pé."

"Ó pé ju ti bàbá ẹ lọ. Gbé omi kaná, jàre!"

Ó gbé e kaná. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó ń da ìyẹ̀fun pọ́ńdò sínú omi gbígbóná, ó ń fi orógùn rò ó. Bísọ́dún gbé ọmọ odó sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kó! Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lórí ilé. Kó! Kó! Òógùn ojú ẹ̀ lè kún táǹkì. Ṣùgbọ́n iyán gidi, gbì ló ń dún, á sì máa fa ọmọ odó mọ́lẹ̀. Èyí ń dún bí ẹni ń kan pósí. Ìbídàpọ̀ gbọ́ ọ. Níwájú, níbi tí àwọn bàbá wà, gbogbo wọn ti yíjú sọ́nà ilé ìdáná.

"Ìbídàpọ̀!" Ohùn bàbá ẹ̀ ni. "Kí lẹ̀ ń gún?"

"Iyán ni, sà!" Bísọ́dún ló dáhùn.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

Bàtà ń dún bọ̀. Tíṣà Silas dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wo inú odó. Odó mọ́ fónífóní. Bísọ́dún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun tọmọ odó.

"Afẹ́fẹ́ lọkọ ẹ ń gún," ni bàbá wí. "Lọ kó ẹrù ẹ."

Ìbídàpọ̀ gbé orógùn sílẹ̀. Tó bá purọ́, ó ti tán. Tó bá dákẹ́, Oǹdó ni.

"Bàbá, pọ́ńdò ni. Iṣu ò dé, ẹ̀rù yín sì bà wá." Ó kúnlẹ̀, àmọ́ kò gbójú kúrò lára bàbá ẹ̀. "Ẹ fún ẹlòmíì níṣẹ́ yẹn. Mi ò lọ."

"Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ eèrà tó ń gun ògiri. Ni Bàbá Reuben, ọ̀kan lára àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, bá pariwo látibi àga ẹ̀: "Silas! Ṣé o fẹ́ kí ebi pa wá kú ni? Ohun tó bá wà, kí wọ́n gbé e wá!"

Tíṣà Silas wo ọmọ ẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ tó dojú bolẹ̀.

"Ìwọ, dìde. Lọ fẹnu ara ẹ sọ fún wọn níwájú pé pọ́ńdò ni. Ẹni tó bá wù kó jẹ ẹ́." Ó yíjú sí Ìbídàpọ̀. "Ẹran wà nínú ọbẹ̀ yẹn?"

"Ó wà, sà."

"Bù ú."

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àwo mọ́ ọn. Nígbà tílẹ̀ ń ṣú lọ, Tíṣà Silas wọkọ̀ Oǹdó, òun àtàwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, Ìbídàpọ̀ ò bá wọn lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, n kò fi iyọ̀ kankan sí i. Ẹ gbà mí gbọ́! Dandan ni kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́.