Abẹ́rẹ́ Tí Kò Dun Àbdùlwàhídù

Aránṣọ ni Àbdùlwàhídù ní Limawa. Kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ ló dojú dé lọ́nà Chanchaga, ó sì fi ìbàdí ṣèṣe débi pé kò lè jókòó ti máṣìnì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló júwe tramadol, oògùn apàrora, fún un.

Ẹyọ kan ló ń lò láàárọ̀, ara sì tù ú. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹyọ kan ò ràn án mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Ìrora ìbàdí ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá gbé e mì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á sì máa kanra mọ́ Bilqees ìyàwó rẹ̀ láìnídìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Adéagbo, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, wá láti Jikpan láti gba búláòsì rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo bí Àbdùlwàhídù ṣe ń rán apá búláòsì náà parí. Àfi bó ṣe rí ẹ̀jẹ̀ lórí léèsì.

"Jésù! Wàhídù, ọwọ́ rẹ!"

Abẹ́rẹ́ ti gún èékánná rẹ̀ já sí òdì kejì. Àbdùlwàhídù wo ìka náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Kò dùn ún rárá. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Màmá rọra yọ ìka náà kúrò lára abẹ́rẹ́, ó fi àkísà tó mọ́ dì í. "Kí lò ń lò?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má bínú, màá ra léèsì mìíràn..."

"Mi ò bi ọ́ ní ti léèsì."

Ó fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n kò rí irọ́ pa. Ó mú páálí oògùn náà jáde lábẹ́ àwọn aṣọ. Màmá kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé kí n dà á nù, Màmá?"

"Má dán an wò. Bí o bá já a dúró lójijì, gìrì lè mú ọ. Dókítà ni yóò bá ọ dín in kù."

"Kí làwọn ará mọ́ṣáláṣí máa wí?"

"Àìsàn ló ń ṣe ọ́, o ò jalè."

Nírọ̀lẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Bilqees. Ó rò pé yóò sunkún.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀," ni Bilqees wí. "Ẹnu yín ni mo ń dúró dè."

Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Kò rọrùn. Oorun kọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ń ro ó, inú ń run ún. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó yọ́ lọ ra oògùn, ó sì lò ó. Ìtìjú mú un, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ fún dókítà. Dókítà kò lé e. "Toh," ló wí, "ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀."

Oṣù keje rèé tí kò ti fẹnu kan oògùn náà mọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun àti Bilqees á lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á ra máásà gbígbóná, àkàrà oníìrẹsì, wọ́n á jẹ ẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ilé.