Aránṣọ Tó Rán Ìparí Ìwé Pa

3.

…torí náà, láti àná ni aránṣọ ti mọ̀ pé dókítà eyín ló pa á. Ó ti ka ìparí kó tó ka ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó sì ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn má baà ya òmùgọ̀:

DÓKÍTÀ EYÍN NI.

Ìwé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ilé ìkàwé àdúgbò ni.

(Ẹ má bi mí pé ibo ni ìpín kìíní àti ìkejì wà. Obìnrin tí mò ń ròyìn rẹ̀ yìí, bí ẹ bá fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò dá a padà fún yín ni.)


4.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
Ẹni tó ń kọ orúkọ apànìyàn sí iwájú àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa, a fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó ṣíwọ́. Bàbá àgbà kan sunkún níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá.
— Alábòójútó Ilé Ìkàwé

Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ibi tí à ń lọ là ń wò. Kí bàbá náà nu ojú rẹ̀.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn, lábẹ́ ìyẹn: A mọ̀ yín o, màmá aránṣọ.


5.

Èrò rẹ̀ lórí àwọn ìwé tó ti kà. Ara àwọn bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ ló máa ń kọ ọ́ sí, nítorí náà apá aṣọ oníbàárà kan wà níbìkan tó ní "apànìyàn" lára.

— Wọ́n tún pa ẹnìkan sí yàrá ìkàwé. Àwọn olówó wọ̀nyí kì í kú sí ilé ìdáná ni? Àbí ó ń tì wọ́n lójú?

— Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Apànìyàn jókòó, ó ń gbọ́. Kò tilẹ̀ dìde lọ tọ̀. Ọmọlúàbí ni.

— Òjò ń rọ̀. Òjò kì í dá nínú ìwé wọ̀nyí. Báwo ni aṣọ ṣe ń gbẹ nílùú wọn?

— Ọlọ́pàá mu sìgá, ó ronú nípa ìyàwó tó kọ̀ ọ́, ó tún mu sìgá. Ọ̀gá, òkú ṣì wà nílẹ̀ o.

— Bọ́tìnnì kan já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, wọ́n sì fi mú ẹni tó pa á. Bó bá ṣe pé bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń múni, gbogbo oníbàárà mi ni ì bá ti wà lẹ́wọ̀n.

— Èyí dára gan-an. Mi ò sunkún. Nọ́ọ̀sì ni.


6.

Ọkọ rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì. Ní báyìí, bí ìyàwó bá rán aṣọ tán, òun ló ń lọ̀ ọ́. Bó bá ti ń lọ aṣọ, ìyàwó á jókòó sórí àpótí òwú, á máa kàwé sí i létí. Àárín àwọn méjèèjì nìyẹn, wọn kò sì rí ohun tó dùn tó o.

Ọkùnrin yìí kì í fẹ́ gbọ́ ìparí. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi wa ọkọ̀, òun kò fò láti gáréèjì bọ́ sí ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn rí. Òun máa ń dúró ní gbogbo èyí tó wà láàárín, bí èrò tilẹ̀ ń bú òun. Ó sọ ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Ìparí. Ìyàwó ní ó dáa, ẹni tó bá mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló ń rí ibi jókòó sí.


7.

(Ọ̀sán. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná.)

ỌKỌ: Dókítà eyín ni.

ÌYÀWÓ: Ta ló sọ fún yín?

ỌKỌ: Ìwọ ni.

ÌYÀWÓ: Èmi? Mo la ẹnu mi?

ỌKỌ: Àwọn yòókù, ò ń kà wọ́n bí ẹni ń lé adìẹ. Tó bá ti kan dókítà eyín báyìí, ohùn rẹ á rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ rọra jókòó, màdáámù, kò ní í dùn yín." Ẹni tí o bá ti mọ̀ pé ó ti parí fún, o máa ń ṣàánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ wọ́n.

ÌYÀWÓ: Ẹ ti ń jó kọ́là oníkọ́là.

(Ó ti ń jó o lóòótọ́.)


8.

Kò sí ìwé kan tí ọkùnrin yìí ṣì í rí.


9.

Ó ń wọn àyà ọkọ rẹ̀ fún ṣẹ́ẹ̀tì tuntun nígbà tí tépù kọ̀, tí kò jókòó dáadáa. Ó tún un wọ̀n. Kókó kan wà lábẹ́ ìhà.

Ọkọ ní kò ṣe nǹkan kan, pé ibi tí sítíárín máa ń kàn ni. Ó ti fẹ̀yìntì kúrò nídìí sítíárín tipẹ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí tọkọtaya padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́bọ̀.


10.

(Ọmọ wọn ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù.)

ỌMỌ: Màámi, kí ni dókítà sọ?

MÀÁMI: Ó ní ká padà wá.

ỌMỌ: Kí ló rò pé ó jẹ́?

MÀÁMI: Mi ò bi í.

ỌMỌ: Ẹ̀yin?

ỌMỌ: Ẹ̀yin tí wọ́n lé jáde ní sinimá torí pé ẹ sọ ìparí fún gbogbo ènìyàn?

MÀÁMI: Dátà mi ti tán.

ỌMỌ: Mò ń rí yín lórí ìlà o.


11.

Ohun tí ọmọ kò mọ̀. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí Ọjọ́bọ̀ pé, aránṣọ gbé yunifọ́ọ̀mù lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì pàdé dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, èsì bàbá ti dé. Ṣé kí n fi tó yín létí ná?"

Ẹ wò ó, ìyá tó ti ba ìwé jẹ́ fún odindi àdúgbò. Ó ju yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Ẹ dúró! Ẹ má tíì sọ ọ́, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wo ojú dókítà títí, kò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó wá gbìyànjú ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà yìí, gbogbo ènìyàn ló ń fi ohùn rere bá sọ̀rọ̀, títí kan agbálẹ̀. Irú wọn kò wúlò fún ìwádìí.


12.

Nígbà tó délé, ó mú ìwé tuntun tó yá. Kò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá abẹ́rẹ́ tó fi ń rán jíìnsì, ó fi òwú pupa rán orí tó kẹ́yìn pa, etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.


13.

Bó ṣe máa ń kí ọkọ rẹ̀ tó bá wọlé: "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lójú ọ̀nà, ibí kì í ṣe gáréèjì."

Bó ṣe kí i lọ́jọ́ yẹn: "Ẹ rọra jókòó, olówó orí mi. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yẹn wá, kí n bá yín ṣe é."

ỌKỌ: Kí lo pè mí?

ÌYÀWÓ: Kí ni mo pè yín?

ỌKỌ: Olówó orí. Ọjọ́ tí o pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n ń ya fọ́tò ìgbéyàwó wa lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O ti rí dókítà.

ÌYÀWÓ: Mo rí i. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́.

ỌKỌ: Ìwọ.

ÌYÀWÓ: Èmi.

ỌKỌ: Ìyá Ìparí.

ÌYÀWÓ: Mo búra!

(Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ó pa áyọ́ọ̀nù.)

ỌKỌ: Ó dáa. Mo ti gbọ́ èsì.


14.

Ohun tí ọkọ ṣe láti ìgbà náà:

Ó lọ gbogbo aṣọ tó wà nílé, títí kan èyí tí kò tíì ní ọwọ́.

Ó kọ́ ìyàwó bí wọ́n ṣe ń ti gáàsì pa.

Ó dárí ji aládùúgbò tó gé igi rẹ̀. Aládùúgbò kò tíì mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Ó sùn dáadáa. Èyí ló burú jù.


15.

Òun kò ní í sọ ọ́, torí náà èmi á sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba aránṣọ. Lóòótọ́ ni kò gbọ́ èsì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò ṣì í rí. Ṣé ohùn ènìyàn lè mọ ohun tí ẹni tó ni ín kò mọ̀? Ká ní inú ìwé ni, ì bá ti kọ ọ́ sí bébà pé ìranù ni. Ó sì fẹ́ ọkọ rẹ̀ láàyè ju bó ṣe fẹ́ mọ ohunkóhun lọ.

Ó gbìyànjú láti bú u bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ara òun lè balẹ̀.

"Ẹ wo orí yín bó ṣe rí." (Ó ń fi ọwọ́ pa orí náà.)

"Alágídí." (Bí ẹni ń ki ọmọ tuntun.)

Ó bọ́ sílé ìdáná, ó bú ìkòkò. Ìyẹn lọ dáadáa.


16.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù rẹ̀ láti ilé ìkàwé:

Ẹ káàsán mà. Àwọn ìwé tí ẹ dá padà mọ́ tónítóní, a kò rí orúkọ apànìyàn kankan níbẹ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá tó sunkún nígbà yẹn náà ń béèrè yín.


17.

(Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà. Fáànù ń ké. Ìyàwó ti ka ìwé sí ọkọ létí títí dé ibi òwú pupa.)

ỌKỌ: Ta ni?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin lẹ ń béèrè ìparí?

ỌKỌ: Mò ń béèrè. Mi ò lè mú ẹnì kankan. Ìyá ilé, alágbàṣe, ọmọ àbúrò, gbogbo wọn lo fi ohùn rere kà. Gbogbo wọn lò ń ṣàánú.

ÌYÀWÓ: Mi ò mọ̀ ọ́n ni.

(Ọkọ gba ìwé náà. Ó fi ìka tọ òwú pupa yí etí rẹ̀ ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yẹ táyà wò. Kò sí ibi tó tú.)

ỌKỌ: O ò ṣí i.

ÌYÀWÓ: Ṣé ẹ rí i?

ỌKỌ: Tí o ò bá ṣí èyí… ti dókítà ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Kí ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yẹn?


18.

Nígbà náà ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ba ọkọ.

Gbogbo ọjọ́ tó fi gbà pé òun ń kú lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní báyìí tí kò mọ nǹkan kan mọ́, ó rọ̀ mọ́ ìwé náà bí ẹni rọ̀ mọ́ sítíárín ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń ba òun náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fi ti ìkejì ṣe yẹ̀yẹ́.


19.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá awakọ̀! Ó kàn yín.

(Bàbá awakọ̀ kò dìde.)

ÌYÀWÓ: Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín, ẹ ti dí ọ̀nà. Ibí kì í ṣe gáréèjì.

(Bí ẹni ń lé adìẹ. Ọkọ wò ó. Ó dìde.)


20.

DÓKÍTÀ: Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ rọra jókòó.

(Àwọn méjèèjì dúró lórí ìdúró, wọ́n tẹ́tí.)

ÌYÀWÓ: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ohùn rere sọ ọ́.