Ọ̀rá Dúdú Méjì

Ọwọ́ Màmá Fọlárìn ti nà láti gba ọ̀rá dúdú méjì kí ọmọbìnrin tó ń gbowó tó sọ fún un pé ọ̀rá ti di títà.

"Láti ọjọ́ Ajé ni, mà. Igba náírà ni ẹyọ kan. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ni?"

Kò rí i. Ó máa ń dorí kodò ni tó bá ń wọ súpámákẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ nítorí ẹrù kan ṣoṣo. Ẹrù ọ̀hún ló wà lórí káńtà gbalaja níwájú gbogbo ayé yìí: ìdì ìlédìí àgbàlagbà kan, tí wọ́n ya òyìnbó arúgbó sí lára, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Wọ́n ń tà á l'Oǹdó. Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn gan-an ń tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀ lóṣù márùn-ún sẹ́yìn, tí ara rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá náà rí ẹnu sọ ni pé, "Agnes, lọ́jọ́ tí èyí bá dé etí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, n ò ní fẹnu kan oúnjẹ mọ́." Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìjọ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọ́n mọ.

Ohun tó jẹ́ kó máa gba ọ̀rá méjì nìyẹn. Ẹyọ kan kì í bo òyìnbó yẹn tán. Bí oòrùn bá ti tàn sí i, ẹ̀rín rẹ̀ á máa hàn. Ọ̀kan nínú èkejì, ẹ̀fọ́ díẹ̀ lórí, ó parí.

Ó wo inú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ìlédìí ti tún gbówó lórí. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé nìkan ló kù.

"Ọmọ mi, bá mi wá ògbólógbòó ọ̀rá kan lábẹ́ ibẹ̀ yẹn."

"Kámẹ́rà ń wò mí, mà," ọmọbìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Wọ́n lé ẹnì kan nítorí ẹ̀ lánàá."

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. Ọkùnrin kan ti ṣí fìlà, ó ń to ẹyin sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má fara kàn mí o! Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú fìlà yìí."

"Tìẹ ṣì dáa," obìnrin kan dá a lóhùn. "Ẹja tútù lèmi rà. Ṣé inú bùbá ni kí n kó o sí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá yíjú sí Màmá Fọlárìn. "Màmá, ẹ gbé tiyín ká lọ jàre! Pámpásì ni, ẹ ò jalè."

Obìnrin náà ò ní ibi kankan lọ́kàn. Síbẹ̀, etí Màmá Fọlárìn gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ẹrù náà, ó sì jáde. Ìborùn kò tó. Ọ̀kan nínú ojú òyìnbó náà ń yọ ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbá a mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ bo ojú òyìnbó. Níbikíbi tí wọ́n bá ti dúró gbé èrò, á wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọlé kó tó wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ-ọmọ yín ni, mà?" obìnrin tó jókòó tì í béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó mà dákẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Ó ń sùn," ni Màmá Fọlárìn sọ, ó sì kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé Oǹdó.

Ó rò pé Bísọ́dún aránṣọ, aládùúgbò wọn, á ti wọlé. Kò tíì wọlé. Ó wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé kejì, obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì sì jókòó tì í, wọ́n ń dúró de aṣọ. Bísọ́dún gan-an ni ẹni tí Màmá Fọlárìn ò fẹ́ kó rí òun. Ní gbogbo ìdájí Ẹtì ni Bísọ́dún máa ń gbé ọ̀rá dúdú lọ sí ààtàn, ọ̀kan nínú èkejì, á máa wẹ̀yìn wò. Lọ́dún tó kọjá, Màmá Fọlárìn ló sọ ọ́ nípàdé àwọn obìnrin: "Ìgò ọtí ni. Kí lèèyàn tún ń fi ọ̀rá méjì bò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Bísọ́dún ò ti wá sípàdé mọ́, Màmá Fọlárìn sì ti sọ nínú ara rẹ̀ pé ìtìjú ọtí ni.

Ṣùgbọ́n kò sí bí inú ṣe lè bí ọmọ Oǹdó tó, tí yóò jókòó kí àgbàlagbà máa gbẹ́rù kọjá. Bísọ́dún dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jẹ́ n gbà á."

"Má ṣèyọnu, ó fúyẹ́."

"Rárá o, mà. Ṣé kí wọ́n máa bú mi ni?"

Ó dì í mú. Màmá Fọlárìn náà dì í mú. Àwọn obìnrin méjì yẹn gbójú sókè. Kókó ìborùn tú, ẹrù náà sì bọ́ sílẹ̀ nínú eruku, òyìnbó dojú kọ ọ̀run, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí Màmá Fọlárìn tó mí, aṣọ tó wà léjìká Bísọ́dún ti balẹ̀ lé e lórí.

"Ẹ wo ìrọ̀rí ńlá tí Màmá lọ rà!" Ó gbé e, aṣọ àti ẹrù, ó ń lọ. "Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò wojú Màmá Fọlárìn.

"Irú èyí máa ń jò lóru, mà. Aláwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ máa rà. Kẹ́ ẹ sì máa fi àdín pa ìdí wọn, kó má baà bó."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Bísọ́dún wo fèrèsé ilé tirẹ̀, èyí tí kì í ṣí. "Ìyá mi. Ó ti wọ ọdún kẹta. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni." Ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù. "Àkúrẹ́ lèmi náà ti ń rà á."

Màmá Fọlárìn di òpó ilẹ̀kùn mú. Ìdájí Ẹtì. Ọ̀kan nínú èkejì. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́ náà.

"Agnes," ọkọ rẹ̀ pè láti inú yàrá, "ta lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bísọ́dún ni. Ó bá mi gbẹ́rù."



"Wọ́n ti ń ta ọ̀rá l'Àkúrẹ́ o," ni Màmá Fọlárìn sọ fún Bísọ́dún.

"Mo gbọ́, mà. Mo ti rán àpò kan." Bísọ́dún na ọwọ́ méjèèjì, ó fi wọn ìbú rẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ fún oníbàárà. "Aṣọ rẹ̀ nípọn, nǹkan kan ò lè hàn níbẹ̀. Ó máa gba ìdì méjì."