Ìwé Òmùwẹ̀ àti Òbúkọ Alága

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, torí àyà mi ṣì ń já. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Ẹ sì mọ Fadérera, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fẹ́ràn eré ìdárayá, tí kì í fẹ́ fojú kan ìwé. Kí n tó sùn, mo fún un ní ìwé kan nípa ọmọ òmùwẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, tí èyí náà bá sú mi, ẹ má fún mi níwèé mọ́ láé." Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Lójú àlá, ìgbìmọ̀ kan ní kí n wá dárúkọ ìwé eré ìdárayá tó yẹ àwọn ọ̀dọ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n pè mí sí ń léfòó lókè pápá ìṣeré. Mo kí ọ́fíìsì náà kú iṣẹ́, mo gun àkàbà wọlé. Àwọn ìwé mi ti ń dé síbẹ̀, ìwé bọ́ọ̀lù ló ṣíwájú. Ojú ìwé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti wú. Ìwé eré sísá ò tilẹ̀ dúró, ó fi èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé òmùwẹ̀ ló dé kẹ́yìn, ó rin gbingbin, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó.

Alága ìgbìmọ̀ náà, tó jókòó sídìí tábìlì, wò wá tìkà-tẹ̀gbin. "Mádáàmù, ọmọ tó bá ń ka bọ́ọ̀lù, ìgbà wo ni yóò kàwé?"

"Alága sà, bọ́ọ̀lù tó ń kà yẹn, ìwé mà ni."

Ó fun fèrè, ó di òbúkọ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ó ṣáà ti ní irùngbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò fọwọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé bọ́ọ̀lù. Góólù ìkẹyìn há a lọ́fun, àwọn òǹwòran sì ń pariwo nínú ikùn rẹ̀. Ó jẹ ìwé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tẹ̀ lé e.

Fadérera yọrí lójú fèrèsé. "Àǹtí, ó ku ẹyọ kan! Ẹ má jẹ́ kó jẹ ẹ́!"

Mo gbá ìwé òmùwẹ̀ mọ́ra. Òbúkọ sún mọ́ wa, omi kán sí i nímú, ó fò jáde lójú fèrèsé. Kò sí ewúrẹ́ tó fẹ́ràn omi, kó tilẹ̀ jẹ́ alága. Ni ìwé bá bú sẹ́kún pé òtútù ń mú òun. Mo figbe ta: "Fadérera, sá a sóòrùn!"

Igbe yẹn ló jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́, mo gbọ́ tí omi ń dà ṣàà lẹ́yìnkùlé. Mo sáré jáde. Ẹ̀rọ omi wà ní ṣíṣí, garawa ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Fadérera dúró nídìí okùn aṣọ, ó fẹ́ sunkún. Láàárín yẹ̀rì mi àti táwẹ̀lì, ìwé òmùwẹ̀ ń kán tó, tó, tó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mò ń kà á nídìí omi ni ó bọ́ sí garawa."

Háà! Fadérera, tó ń kàwé nídìí omi!

"Ojú ìwé tó kẹ́yìn ti lẹ̀ mọ́ra. Àǹtí, ṣé ọmọ yẹn gba ife ẹ̀yẹ? Ẹ sọ fún mi!"

Mi ò sọ. Mo ní kó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ìwé náà títí yóò fi gbẹ, kó lè kà á fúnra rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí òbúkọ aládùúgbò wa tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ọgbà. Mo bu omi sínú abọ́, mo gbé àpótí, mo jókòó ti okùn náà.