Ìkòkò tí Wọ́n Kí Káàbọ̀

Ogun ọ̀hún ti pé ogún ọdún, kò sẹ́ni tó tún rántí ohun tó dá a sílẹ̀. Òfin wọn ló wá burú jù: ológun tí ojú rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, iwájú ni wọ́n ń tì í sí, kó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ kiri. Ìkà gbáà!

Èéfín ìbọn sì ti fọ́ Ọ̀gá ikọ̀ kẹrin lójú. Alásè wọn ló kọ́kọ́ mọ̀, lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ń fi ṣíbí wá ẹnu tó ń bá imú. Ṣé kó wá lọ tú àṣírí rẹ̀ fó? Ọ̀gá yìí ló gbé e pọ̀n sá kúrò lábẹ́ òjò ọta. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Látọjọ́ náà, ẹ̀yìn Ọ̀gá ni Alásè ń dúró sí. Bó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀gá á kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. "Ìyàwó Ọ̀gá" làwọn ọmọ ogun tó kù ń pè é. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun Àgbà ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá tó ń hó lórí iná. Ata wọ Alásè nímú. Ó sín, ìka rẹ̀ sì gún Ọ̀gá lẹ́yìn.

Ọ̀gá nà ró ṣánṣán, ó kọjú sí ìkòkò, ó gbọ́wọ́ sórí. "Ẹ káàbọ̀, sà!"

Yéè! Ọ̀gágun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀! Kí làwọn tó kù ṣe? Gbogbo wọn, géńdé mọ́kànlélógún, kọjú sí ìkòkò. "Ẹ káàbọ̀, sà!"

Alásè ò lè mú un mọ́ra. Ó bẹ́ síwájú. "Èmi ni mo jẹ̀bi, sà! Ẹ dákun, ẹ fi Ọ̀gá sílẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ tì síwájú!"

"Ẹ̀bi kí ni?" Ọ̀gágun dáhùn. "Wọ́n mà kí mi dáadáa." Ó rìn kọjá lára Ọ̀gá, ó na ọwọ́ sí ìkòkò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Yéè! Ọ̀gá, ibà yìí á pa ọ́ o!"

Alásè gbójú sókè. Awakọ̀ Ọ̀gágun ló rí lẹ́yìn rẹ̀, tó ń làágùn, ìka kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, tó ń fojú bẹ̀bẹ̀.

"Ibà ni, sà," ni Alásè wí. "Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ."

Ó yí Ọ̀gá padà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ náà yí tiẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀gá méjèèjì ń wá ara wọn kiri lófuurufú, títí Alásè àti awakọ̀ fi bá wọn fà á pọ̀.